Ọjọ́ tí mo se kíráùnù nínú ìkòkò màámi

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látinú ẹrẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Oko wa wà lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n ní Èkìtì, ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n á mọ̀ pé òkè ló yí ìlú yẹn ká, ọ̀nà oko tiwa wá tún jẹ́ èyí tó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí ilẹ̀ pupa, tójò bá ti kàn án báyìí ó ti di ọṣẹ. Hilux tí mò ń lò, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń gbé e rìn, kì í ṣe fóò-wíìlì, bàbá mi ló rà á kí wọ́n tó kú, èmi ni mo jogún ẹ̀ tòun ti gbogbo àìsàn tó wà lára ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, oṣù kẹfà ni, èmi àti àbúrò mi di iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sẹ́yìn, a gun òkè yẹn dé ìdajì, táyà òsì bá kó sójú ibi tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́, ló bá ń yí gbirigbiri. Mo ní kí àbúrò mi bọ́ sídìí sitíárìn kó máa tẹ̀ ẹ́, èmi lọ sẹ́yìn lọ tì í, ẹrẹ̀ ti bò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kí n tó rántí wo táyà ọ̀tún. Ó jókòó sórí àpáta, ibi tó le dáadáa. Kò mira. Èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ ń sáré bí ẹni tájá ń lé, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle ń wò wá bí àlejò.

Wákàtí mẹ́rin la lò níbẹ̀. A já gbogbo iṣu sílẹ̀, a gé ewé ọ̀pẹ sábẹ́ táyà, kò gbọ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ló bá wa tì í jáde, bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn wá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mọ́tò rẹ yìí, ẹsẹ̀ kan péré ló ní o." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Inú kókó irin ńlá tó wà láàárín ásùlù ẹ̀yìn, irin gígùn tó ń yí táyà yẹn, ni dífù wà. Tí mọ́tò bá ń kọ́nà, ìrìn táyà tó wà lápá ìta máa ń gùn ju ti èyí tó wà lápá inú lọ, dífù ló ń jẹ́ kí kálukú yí bó ṣe yẹ ẹ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà á kàn máa họlẹ̀ ni. Ìyẹn dáa. Àbùkù ẹ̀ ni pé ọgbọọgba ni dífù lásán ń pín agbára, bí táyà kan bá wá wà níbi tó ń yọ̀, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ tí táyà yẹn lè gbà náà ni èkejì máa rí gbà. Bí ìgbà tẹ́ni méjì bá gbé pákó ni, tẹ́nì kan bá ti jù ú sílẹ̀, iṣẹ́ ẹnì kejì náà ti parí nìyẹn, kò sí bó ṣe lè lágbára tó.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní kí n má dà ara mi láàmú rárá, òun á wẹ́dì àwọn gíá kéékèèké inú dífù yẹn pọ̀, táyà méjèèjì á máa yí pọ̀ títí ayé, ọ̀rọ̀ parí. Owó tó pè kò ju owó oúnjẹ lọ, ó kù díẹ̀ kí n gbà fún un, àmọ́ mo bi í pé tí mo bá dórí títì ńkọ́, tí mo fẹ́ kọ́nà? Ó ní "ó máa kàn máa fà díẹ̀ ni". Fà díẹ̀! Táyà méjì tí wọ́n so pọ̀ báyẹn, gbogbo kọ́nà tó bá kọ́ lórí títì gbígbẹ, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, táyà á tètè jẹ, ásùlù náà lè dá lọ́jọ́ tẹ́ ò rò. Fún ẹni tí mọ́tò ẹ̀ kì í kúrò lóko, bóyá. Èmi tí mò ń ti Ẹ̀fọ̀n gba Àrámọ̀kọ àti Ìyìn wọ Adó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, rárá o.

Ohun tí mo wá fẹ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní LSD, limited-slip, ìyẹn dífù tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa dá yí lásán. Èyí tí mo rà, àwo tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kúlọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra, sípíríǹgì ń tì wọ́n pọ̀, tí táyà kan bá fẹ́ sá fi èkejì sílẹ̀, àwọn àwo yẹn á di ara wọn mú, wọ́n á gbé díẹ̀ nínú agbára lọ fún èyí tó mú ilẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o, ẹ rántí ibi tí mo ti sọ ọ́. Irú kan tún wà tó jẹ́ gíá nìkan ló ń lò, kò ní àwo, kì í tètè jẹ, àmọ́ èmi ò rí ìyẹn rà.

Ọ̀rọ̀ rírà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Ìbátan mi kan tó ń gbé Mushin ló bá mi lọ sí Ládípọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó. Ẹni àkọ́kọ́ tó lọ bá búra pé LSD ni, ó ní láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé ló ti wá. Mo ní kí ìbátan mi pè mí lórí WhatsApp, kó ki ásùlù kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó di kíráùnù, irin róbótó ńlá eléyín tó wà lára ẹ̀, mú kó má yí, kó wá yí ọ̀kan nínú ásùlù náà. Kíá ló ń yí, bí òkòtó. Dífù lásán! LSD oníkúlọ́ọ̀ṣì tí àwo ẹ̀ ṣì dáa, tẹ́ ẹ bá di kíráùnù mú, ẹ̀gbẹ́ kan ò ní gbà kẹ́ ẹ fi ọwọ́ lásán yí i bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó ń jà. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ mọ́tò ló ṣì wà, ẹ gbé ẹ̀yìn méjèèjì sókè, ẹ yọ ọ́ kúrò ní gíá, ẹ yí táyà kan: ti dífù lásán, èkejì á yí padà sẹ́yìn, ti LSD, méjèèjì á yí sọ́nà kan náà. Ọkùnrin yẹn ní àwa la ò mọ nǹkan. Kò burú.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kejì la ti rí i, ojúlówó, ó tiẹ̀ wà nínú odindi orí dífù, pẹ̀lú kíráùnù àti píníọ̀n ẹ̀, ìyẹn gíá kékeré tó ń yí kíráùnù. Ibí yìí ni mo ti ṣe ọgbọ́n orí mi. Mo ti ka eyín tèmi nílé, kíráùnù 41, píníọ̀n 10, ìyẹn ni pé píníọ̀n á yí nígbà 4.1 kí kíráùnù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tiwọn jẹ́ 41 sí 9, ìyẹn ti lé ní 4.5. Mo ní ha, ẹ́ńjìnnì á máa ké jù lórí títì, yóò máa mu epo, aago ìsáré náà ò ní sọ òótọ́ mọ́, mo ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n ta ilé LSD yẹn nìkan fún mi, èmi á gbé kíráùnù tèmi sí i. Mo rò pé mo ti fi owó pamọ́. Wọ́n gbà, ìdajì owó sì ni lóòótọ́, owó àgbò kan tó rọra sanra. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí lónìí, mo máa ní kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wá odindi orí tí eyín ẹ̀ bá tiyín mu, kẹ́ ẹ kàn yọ ti tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́, ọjọ́ kan ni, ẹ ti parí. Ìdajì owó tí mo fi pamọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi san án.

Kí n tó sanwó, mo rí i dájú pé eyín inú ẹ̀ tí ásùlù ń kì bọ̀ jẹ́ 30 bíi tèmi, pé ibi tí bẹ́rìn ń jókòó sí náà bá tèmi dọ́gba. Ẹ fi káàlípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n yẹn, wọ̀n ọ́n o, ẹ má fojú wò ó.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ní àgbàlá ilé wa ní Baṣìrì ní Adó. Mo ti ní kí wẹ́dà kan ṣe ẹsẹ̀ irin méjì fún mi láti gbé mọ́tò lé, torí mo ti rí i rí tí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì fọ́ lábẹ́ mọ́tò lójijì bíi bísíkíìtì, ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹsẹ̀ ni. Jáàkì ò sì tó, jáàkì wà fún gbígbé sókè, kò sí fún sísùn sábẹ́ ẹ̀. Kí n tó da ọ́ìlì àtijọ́ sílẹ̀, mo kọ́kọ́ tú bóòtù ibi tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì sínú ẹ̀. Ó le, mo fi páìpù fa apá sípánà gùn kó tó gbọ́. Ẹ fojú inú wò ó tó bá jẹ́ pé ti ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tú, tí ọ́ìlì ti dà tán, tí ti òkè wá kọ̀ jálẹ̀.

Hilux tèmi yìí, kì í ṣe irú tẹ́ ẹ máa ṣí ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí dífù. Iwájú ni orí dífù ti ń jáde, nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ló dì í mú, àmọ́ ásùlù méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà jáde kó tó lè jáde. Ásùlù náà sì so mọ́ àwo búréèkì, nọ́ọ̀tì mẹ́rin mẹ́rin, ẹ máa tú páìpù ọ́ìlì búréèkì, ẹ máa tú wáyà háńdì búréèkì. Níbi tí mo ti ń fa ti òsì, ó wúwo, ó rẹ̀ mí, mo jẹ́ kí eyín ẹnu ẹ̀ wọ́ lórí ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò jáde. Mo rí i. Mo fọwọ́ kan síìlì yẹn, mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi ìyẹn síbẹ̀ ná, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Àbúrò mi ló gba orí dífù yẹn sáyà nígbà tó jáde, a jọ gbé e lọ sórí tábìlì tí màámi fi ń lọ aṣọ. Mo fi páǹṣì lu àmì kan sára ìdérí bẹ́rìn òsì, méjì sára ti ọ̀tún, torí àwọn ìdérí yẹn, pẹ̀lú ara ilé ẹ̀ ni wọ́n jọ gbẹ́ wọn, tẹ́ ẹ bá pa wọ́n dà, wọn ò ní jókòó mọ́ láéláé. Mo tún sàmì sí ibi tí pòpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn, ti so mọ́ ọn. Píníọ̀n, mi ò fọwọ́ kàn án rárá. Tẹ́ ò bá ti tú píníọ̀n, ìdajì ìṣòro ti kúrò nílẹ̀.

Ó wá kan kíráùnù. Kíráùnù ni irin róbótó ńlá eléyín yẹn, bóòtù mẹ́wàá ló so ó mọ́ ilé àtijọ́, mo tú u, mo fi òòlù igi gbá a yíká díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́. Àmọ́ wíwọ̀ ọ́ sí ilé tuntun, ó há gádígádí, kò sì yẹ kéèyàn fi bóòtù fà á wọlé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n máa ń sè é nínú omi tó ń hó, irin á fẹ̀ díẹ̀, á wá jókòó fúnra ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo wò yíká, ìkòkò tó gbà á kò ju ẹyọ kan lọ nínú ilé, ìkòkò tí màámi fi ń se ẹ̀wà òde. Wọ́n ti lọ sọ́jà Ọba. Mo ní kí wọ́n tó dé màá ti fọ̀ ọ́ tán.

Mo kọ́kọ́ fi epo fọ kíráùnù yẹn mọ́ tónítóní o, ẹ má bínú sí mi. Mo kó igi sábẹ́ ààrò lẹ́yìnkùlé, omi hó, mo so wáyà mọ́ kíráùnù, mo rì í sínú ẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màámi gbé agbọ̀n sílẹ̀, wọ́n wo ààrò, wọ́n wo èmi.

"Kí lo ń sè níbẹ̀ yẹn?"

"Kíráùnù ni, mà."

"Kí ló ń jẹ́ kíráùnù?"

Àbúrò mi tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ bá dáhùn: "Adé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè òyìnbó, mà."

Màámi ṣí ìkòkò. Wọ́n rí irin dúdú eléyín tó ń mì nínú omi tó ń hó. Wọ́n rọra dé e padà. "Nínú ọba mẹ́rìndínlógún Èkìtì," wọ́n ní, "èwo ló ní kó o bá òun se adé òun nínú ìkòkò tí mo fi se ẹ̀wà òkú bàbá rẹ?"

Mi ò lè dáhùn torí àkókò ti tó, irin yẹn kò gbọdọ̀ tutù. Mo fà á jáde pẹ̀lú wáyà, mo fi aṣọ nù ún kíá, mo gbé e lé ilé LSD, ó wọlé, kọ́ọ́, bí ìgbà téèyàn dé fìlà. Mo ti sàmì sí i ṣáájú kí ihò bóòtù lè ṣe déédéé. Mo jẹ́ kó tutù díẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú sí bóòtù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo fún wọn ní òdìkejì-òdìkejì, díẹ̀díẹ̀, torque wrench, sípánà tó ń wọ̀n bí bóòtù ṣe fún tó, ni mo fi parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkòkò, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lálẹ́.

Àṣìṣe ńlá tí mo ṣe ló kàn báyìí. Kíráùnù àti píníọ̀n, eyín wọn kò gbọdọ̀ há mọ́ra wọn, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ jù, àlàfo tíńtín kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ti Hilux yìí, ó wà láàárín 0.13 sí 0.18 mìlímítà. Ìwé bébà kan àti díẹ̀ lórí ẹ̀, kò tó bébà méjì. Òrùka eléyín ńlá méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́rìn tí wọ́n fi ń yí i, tẹ́ ẹ bá dẹ ti ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ ẹ fún ti ẹ̀gbẹ́ kejì níye kan náà, kíráùnù á sún mọ́ píníọ̀n tàbí kó jìnnà sí i. Èmi ò ní ohun tí màá fi wọ̀n ọ́n. Mo fi ọwọ́ gbọ̀n kíráùnù, ó dùn "tẹ́ tẹ́" kékeré, mo ní ó ti dáa. Mo dì í pa, mo da gíá ọ́ìlì sí i, mo wà á lọ sí ọ̀nà Ìyìn.

Bí mo ṣe dé 60 báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Híììììn. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò á dákẹ́, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Mo padà, mo fọwọ́ kan orí dífù, ó gbóná tí n ò lè gbé ọwọ́ lé e.

Àdúgbò wa, bàbá kan wà tí wọ́n jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gbogbo wa Bàbá Tíṣà là ń pè wọ́n. Orí ìjókòó wọn ní fàráńdà ni wọ́n ti gbọ́ mi. Mo kí wọn, wọn ò tíì dá mi lóhùn tán tí wọ́n fi ní, "Ṣé Ẹ̀fọ̀n lo ti ń bọ̀ ni, àbí ẹ̀fọn lo gbé sínú dífù?"

Mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe wọ̀n ọ́n. Mo ní mo fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, sà. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo mílíìkì àtijọ́ kan jáde, aṣọ fúlánẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ẹ̀, dial gauge ló wà nínú aṣọ. Aago ni lójú, ọwọ́ ẹ̀ kan ṣoṣo ló gùn, ẹnu ẹ̀ rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Lọ tú u. Tó o bá tú u tán, wá pè mí."

Gbogbo ẹ̀ ni mo tún tú o. Ọ́ìlì tuntun dà sílẹ̀, búréèkì tún di ìtú, ásùlù tún di fífà. Bàbá Tíṣà jókòó sórí àpótí, wọ́n ní kí n di píníọ̀n mú ṣinṣin, wọ́n gbé ẹnu aago yẹn lé eyín kíráùnù kan, wọ́n fi ìka méjì mi kíráùnù síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ aago náà kàn gbọ̀n. 0.04. Wọ́n ní kí n wá wò ó fúnra mi. Ohun tó dùn "tẹ́ tẹ́" sí mi létí, kò tó ìdámẹ́ta ohun tó yẹ kó jẹ́. A dẹ òrùka ẹ̀gbẹ́ kan ní eyín kan, a fún ti èkejì ní eyín kan, a tún wọ̀n ọ́n, 0.08. A tún ṣe é. Ìgbà tá a máa fi dé 0.15, oòrùn ti ń lọ, wọ́n wá ní kò tíì tán, kí n yí kíráùnù, ká wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin, torí tí kò bá jókòó dọ́gba lórí ilé ẹ̀, ibì kan á há, ibì kan á dẹ̀. Ó jókòó. Wọ́n ní, "Ìyẹn lo fi ìkòkò ìyá ẹ jèrè." Àṣé gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Wọ́n tún fi kiní aláwọ̀ búlúù kan ra eyín mélòó kan, a yí i, a wo ibi tí àwọ̀ ti nù, àárín eyín ló wà, kò sí létí, kò sí nídìí. Ó ku kí n rọ ọ́ìlì, wọ́n bi mí pé irú ọ́ìlì wo ni mo rọ lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní 80W-90, GL-5. Wọ́n ní ó dáa, ti LSD ńkọ́? Mo ní èwo ni ti LSD?

Ẹ wò ó, LSD oníkúlọ́ọ̀ṣì, gíá ọ́ìlì lásán ò tó o. Oògùn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní friction modifier tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ ra ọ́ìlì tí wọ́n ti pò ó mọ́, wọ́n á kọ LSD sára ike ẹ̀. Láìsí i, àwọn àwo yẹn á máa di ara wọn mú kí wọ́n sì tún máa já, kọ́nà kọ́ọ̀kan lẹ máa gbọ́ "grọ́-grọ́-grọ́" lẹ́yìn bíi pé òkúta wà nínú ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mò ń yí padà ní Ìyìn, mo rò pé ara igbe yẹn náà ni. Mo wá a káàkiri Adó fọ́jọ́ méjì, Èkó ni ìbátan mi ti fi ránṣẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì. Mo rọ ọ́ìlì títí ó fi ń ṣàn jáde lẹ́nu ihò, mo dì í. Lẹ́yìn ẹ̀ mo wà á lọ sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí kò sẹ́nì kankan, mo ń yí i bí àmì 8, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí oògùn náà lè wọ àárín àwọn àwo. Àwọn ọmọdé tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ pọnmi dúró ń wò mí. Wọ́n ti gbà pé orí mi ti dàrú.

Ìtìjú tó kù tí mo fẹ́ fi bò ó mọ́lẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè torí ẹ̀ ṣèṣe, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, mo fẹ́ ṣe fọ́ọ̀mù. Mo fi jáàkì gbé táyà òsì nìkan sókè, èyí tó kù wà nílẹ̀, mo ní kí àbúrò mi sitáàtì, kó ti gíá bọ̀ ọ́, kí wọ́n wo bó ṣe ń yí. Mo gbàgbé pé kì í ṣe dífù lásán mọ́! Táyà tó wà nílẹ̀ gba agbára tiẹ̀, mọ́tò fò kúrò lórí jáàkì, ó lọ gbá dúróọ̀mù omi màámi, dúróọ̀mù yí gbirigbiri lọ bá ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ jáàkì yẹn fò kọjá níwájú ẹsẹ̀ mi, ìwọ̀n ọwọ́ kan péré. Mọ́tò tó bá ní LSD, ẹ má sitáàtì ẹ̀ sí gíá nígbà tí táyà ẹ̀yìn kan ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni màámi ní kí n kúkú kó gbogbo irin mi lọ sáàfin, níbi tí wọ́n ti ń lo adé.

Síìlì òsì tí mo ní kò ṣe nǹkan kan yẹn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan péré. Búréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í fa mọ́tò sí apá kan, mo ṣí i, gíá ọ́ìlì ti rin búréèkì ṣúù gbingbin. Mo ra ṣúù tuntun, mo ra síìlì tuntun. Bí mo tún ṣe wà níbẹ̀, mo rí i pé ẹrẹ̀ ti dí ihò kékeré tí ásùlù fi ń mí lókè, tó bá ti dí, ooru inú ẹ̀ á máa ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, ká ní mi ò rí i ni, síìlì tuntun náà ò ní pẹ́. Owó síìlì méjèèjì lápapọ̀ ò tó owó ṣúù yẹn. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì nígbà tí ásùlù bá ti wà níta, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ìyàtọ̀ wo ló wá wà? Lórí títì gbígbẹ, ẹ ò lè mọ̀. Tójò bá rọ̀ tí ẹ̀yìn bá ṣófo, ẹ máa mọ̀ o, torí táyà méjèèjì lè jọ yọ̀ pọ̀ nísinsìnyí, ìdí mọ́tò á fẹ́ jó, ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí mò ń jáde ní ráńdábáòtù, mo tẹ̀ ẹ́ jù. Mo máa ń di àpò iyanrìn méjì sẹ́yìn báyìí tó bá ti di àkókò òjò.

Oṣù kẹsàn-án la tó tún bá òkè yẹn pàdé nínú òjò gidi. Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fojú ara àwọn rí iṣu. À ń bọ̀, ẹrù kún, ihò ọ̀gbàrá yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ti jìn sí i. Táyà òsì wọ̀ ọ́, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ tí ti ọ̀tún mú àpáta, mọ́tò fa ara ẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń jí. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ihò yẹn jìn débi pé táyà òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lófuurufú, ibi tí mo ti ní kẹ́ ẹ rántí "díẹ̀" nìyẹn, tí táyà kan ò bá fọwọ́ kan ilẹ̀ rárá, LSD oníkúlọ́ọ̀ṣì tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan gbé fún èkejì. Màámi ti ń tú gèlè kí wọ́n lè bọ́ sílẹ̀. Mo rántí ohun tí Bàbá Tíṣà sọ, mo fa háńdì búréèkì sókè díẹ̀, eyín méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè di táyà tó ń yí lásán yẹn mú, kí agbára lè kọjá sí ọ̀tún. Mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ó mì, ó kérora, ó sì gùn ún.

A dé orí òkè, mo já háńdì búréèkì sílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Màámi ń wé gèlè wọn padà.

"Ṣé adé yẹn ló gbé wa gòkè?"

Mo ní, "Òun náà ni, mà."

Wọ́n wo iwájú, wọ́n ní tá a bá dé Àrámọ̀kọ kí n dúró lọ́jà, kí n ra ìkòkò tuntun fún wọn, ti àtijọ́ yẹn, kí n máa lò ó lọ.